Iṣu Kì Í Ṣe Gbòǹgbò

Nígbà tí mo lọ fún TP lọ́dún tó kọjá, mo fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn tó tọ̀nà. Kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n fún mi, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sì ni ẹ̀yà ara ewéko. Mo ya gbòǹgbò, igi, ewé, òdòdó àti èso sórí páálí fífẹ̀ kan, mo kọ orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Inú ìwé ni mo ti wo òdòdó tí mo yà. Títí di òní, n ò tíì fojú rí irú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo orúkọ náà tẹ̀lé mi, inú mi sì ń dùn pé kíláàsì ń lọ dáadáa.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo ṣe ìdánwò kékeré fún wọn. Ìbéèrè kan ni pé: iṣu jẹ́ gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Gbogbo wọn kọ bẹ́ẹ̀ ni, àfi ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Mo fagi lé tirẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó di ìwé rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣu kì í ṣe gbòǹgbò. Bàbá wa àgbà máa ń gé e ní ẹ̀bù, ẹ̀bù á sì yọ ẹ̀hù. Ẹ̀gẹ́ ni kì í hù bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn."

Mo ní kó lọ jókòó. Alábòójútó wa lè wọlé nígbàkigbà, n ò sì fẹ́ kó bá ọmọ níbi tó ti ń bá mi jiyàn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí ìwé àgíríkì tí mo lò ní girama. "Stem tuber" ni wọ́n pe iṣu níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n pè ní gbòǹgbò. Ara iṣu lè yọ ẹ̀hù tuntun tí yóò di ìtàkùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kàn ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ fún igi ni. Ọmọ náà kò ka ìwé yẹn rí, oko ló ti rí i. (Ànàmọ́ yóò da ọ̀rọ̀ yìí rú díẹ̀, nítorí gbòǹgbò ni, síbẹ̀ ó ń hù. Irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn ló yẹ kó dé kíláàsì.)

Ní ọjọ́ Ajé mo fún un ní máàkì rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, mo ká páálí mi, a sì jáde lọ sídìí àgbàdo tí obìnrin olóúnjẹ gbìn sẹ́yìn ọgbà. Pòròpórò, háríhá, irun, kùùkù: àwọn ọmọ ló ń kọ́ mi. Èmi náà ní ohun kan láti sọ fún wọn: irun kọ̀ọ̀kan so mọ́ hóró kan ṣoṣo, lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ láti orí àgbàdo sì gbọ́dọ̀ bà lé irun náà kí hóró tó lè yọ. A bó ọ̀kan, wọ́n sì rí àwọn ibi tó ṣófo lára rẹ̀. Ọmọ kan béèrè bóyá òjò ló gbá lẹ́búlẹ́bú náà lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ka páálí, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ jáde báyìí, kó kọ́kọ́ wo igbó náà dáadáa o. Wèrèpè kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ẹ bá wá.

Èrò mi nìyí: ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ewéko, kó sì fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ pè é, kí a tó fún un ní orúkọ mìíràn. Ìmọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ bí ẹ̀bù àti ẹ̀hù. Ẹni tó ní wọn ti mọ ohun tí iṣu ń ṣe nínú ilẹ̀.

Olùkọ́ àgbà kan sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò, pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ ìyàtọ̀ iṣu sí ẹ̀gẹ́, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi kọ́ "stem tuber". Èmi tí mo ti ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà láti girama, mo ṣì fagi lé òtítọ́.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e.

Kí a tó bú Àbújá, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Èmi tí mo ń gba oyè nínú Yorùbá, ọmọ kíláàsì kẹta ló kọ́ mi ní háríhá. Mo bi àwọn akẹgbẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: ọ̀kan pè é ní aṣọ àgbàdo, ìkejì ní èèpo ni, ìkẹta ní ká bi Google.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ ẹ̀yà àgbàdo, iṣu àti ọ̀pẹ sínú ìwé kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń kọ́ni káàkiri, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiyín ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú yín. Ẹ̀gẹ́ níbì kan, gbágùúdá tàbí pákí níbòmíràn, gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́. Lórí ọ̀pẹ, mo ní mọ̀rìwò, imọ̀, ẹyìn àti èkùrọ́. Ibẹ̀ ni mo bá a dé.