Ẹlẹ́dẹ̀ Kò Jẹun, Ọ̀rá Rẹ̀ Kò Dín: Iṣẹ́ Ọwọ́ Ooru Ni!

Bí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé, tí oòrùn ń mú hanhan lórí páànù, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹran tó ń jẹ oúnjẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé á kàn nà gbalaja sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn kan á sáré lọ ra abẹ́rẹ́, owó á wọgbó. Tó bá wá di ọjọ́ títà, alápatà á fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹran wò, á ní: “Ìyá, ọ̀rá ló pọ̀ lára eléyìí o. Ẹran gan-an dà?” Ẹnu á ya ìyá ọlọ́sìn. Ẹran tí kò jẹun kánú láti ọjọ́ yìí, níbo ló ti rí ọ̀rá?

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi ń yí nínú ẹrẹ̀. Oúnjẹ tó ń dà nínú a sì máa mú ara gbóná, torí náà, bí ooru bá pọ̀, ó di dandan kó dín oúnjẹ kù.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀rá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rá kàn jókòó sára ni, bí àgbàdo inú àká. Irọ́ ni! Lọ́dún 1994, Jeffrey Friedman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí họ́mónù kan tí ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ jẹ́ṣẹ́ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nílé. Lẹ́ptìn lorúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ítálì fi eku sínú ooru fún ìgbà pípẹ́. Èsì wọn jáde lọ́dún 2012: ọ̀rá àwọn eku náà ń ṣe lẹ́ptìn ju ti ẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ooru lọ. Ẹ ò rí nǹkan!

Ti ẹlẹ́dẹ̀ tún le sí i. Ẹran tí ebi ń pa níbi tó tutù, ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, ara á ṣí àká ọ̀rá, á máa jẹ níbẹ̀. Èyí tí ooru mú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò tilẹ̀ jẹun, ínsúlínì rẹ̀ kì í wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ṣe ló ń ga sí i, àká á sì wà ní títì pa. Ẹran pupa ló ń jìyà, òun ni kò dàgbà. Ọ̀rá jókòó pẹ̀sẹ̀ ní tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ wo ló fẹ́ ṣí àká yẹn? Imọ̀ ọ̀pẹ lórí páànù sàn jù ú lọ, àti omi mímu tí kò gbọdọ̀ tán, àti omi tí wọ́n ń bù wọ́n ẹran lára lọ́sàn-án. Àfẹ̀mọ́jú àti alẹ́ ni kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ. Èyí tó bá kọ oúnjẹ àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, òun ni kí wọ́n torí ẹ̀ pe dókítà ẹran.