Ohun tí ó sọ kọ́ ni ohun tí ó ní lọ́kàn

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá wa ni ó ní ọmọ nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó. Ọ̀kan nínú ìdánwò tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni IELTS. Apá tí wọ́n fi ń dán etí wò tó nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ 40, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. 7 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí 30 nínú 40.

Ẹni tí ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán tún lè kùnà. Ọkùnrin kan bi ọmọbìnrin kan bóyá yóò wá kàwé ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní ọjọ́ náà ni ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Kò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n kò ní í wá.

Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa ni? Bí aládùúgbò bá wá yá owó, tí ẹ ní, "Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san yìí," ṣé yóò jókòó máa retí owó? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Òyìnbó náà ní tirẹ̀. Bí ó bá ní "I'm afraid the class is full," ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni. Ó ń fi pẹ̀lẹ́ sọ pé àyè kò sí mọ́ ni. "Not bad" sábà máa ń jẹ́ ìyìn lẹ́nu wọn. Ìyìn ahawọ́ ni èmi ń pè é, ṣùgbọ́n ìyìn ni.

Ẹ ṣọ́ "but" àti "actually" gidigidi. Ẹnì kan lè ní agogo mẹ́rin ni, kí ó tún ní "actually", mẹ́rin ààbọ̀ ni. Ẹni tí ó ti sáré kọ mẹ́rin ti ṣìnà.

Ohùn pẹ̀lú ńkọ́? Àwa ń fi ohùn mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, inú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ohùn ń tú síta: "Really?" tí ó gòkè lè jẹ́ iyèméjì.

Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jókòó tì í nígbà tí ó bá ń fi etí kọ́ra, kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tí ẹni náà ń fẹ́ fún yín. Bí ó bá ní ẹ̀rù ń bà á, ẹ ní kí ó tẹ òmíràn.