Ọmọ gbé ẹ̀kú wọ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ta ni atọ́kùn ẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìgbólé-Èkìtì. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Lọ́yà, kọ̀ǹpútà tó o rà fún ọmọ mi ti sọ ọ́ di òkú."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ń ṣàwàdà. Ọmọ tá à ń wí yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń múra ìdánwò WAEC. Ìyá ẹ̀ ló jí lóru láti mu omi, ló bá gbọ́ ohùn ọmọ nínú yàrá. Èèbó lọmọ ń sọ, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ó ń sọ pé òun ti kú, pé ọkàn òun ò lù mọ́, pé idà òun ò tíì sinmi. Ìyá figbe ta. Gbogbo ilé jí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbọ̀nà ọ̀dọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan. Ìyẹn ní ọmọ ti bá àwọn ará ọ̀run mulẹ̀. Ó ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n sì mú ọmọ wá fún ìtúsílẹ̀. Òòlù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń pè mí. Torí pé èmi ni mo ra ẹ̀rọ náà ló ṣe ní kóun kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ kan péré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò ní Adó, mo gba Ìfàkì dé ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá ọmọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá Lọ́yà, ẹ kú ọ̀nà, sà." Ètè ẹ̀ ti gbẹ. Mo ní kí wọ́n fún un lómi, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un pé, "Wá fi òkú náà hàn mí."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá ohun tí a ò tíì wò jà. World of Warcraft ni wọ́n ń pe géèmù náà. Ilé iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 2004. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi máa ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù á yan ẹ̀yà tó fẹ́ jẹ́ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà yìí ni Forsaken. Àjàkálẹ̀ àrùn ló pa wọ́n nínú ìtàn náà, ọba búburú kan jí wọn dìde, ó sọ wọ́n dẹrú, àwọn kan nínú wọn sì já ara wọn gbà. Òkú tó gba orí ara ẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ dẹrú ni wọ́n. Ọmọ wa yan ẹ̀yà yìí, ó sì yan iṣẹ́ jagunjagun. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń kàwé ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yẹ́ ló bá a gbé géèmù náà wá nínú hard disk. Kò san kọ́bọ̀, torí ọ̀fẹ́ ni títí dé ìpele ogún.

Àwọn apá kan wà nínú géèmù yìí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe eré bí eré orí ìtàgé. Níbẹ̀, ogun nìkan kọ́ lẹ ń jà. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tẹ́ ẹ gbé wọ̀ ni. Ohun tí ìyá ẹ̀ gbọ́ lóru nìyẹn: ọmọ ń ka ọ̀rọ̀ jagunjagun ẹ̀ sókè kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tó sọ fún mi ló mú mi jókòó dáadáa. Ó ní bí òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ara òun, bíi "Mọ́mì mi ń pè mí" tàbí "iná ti fẹ́ lọ", òun á fi àkámọ́ méjì sí iwájú ọ̀rọ̀ náà àti méjì sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú àkámọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Èyí tó bá wà níta, ọ̀rọ̀ òkú ni. Gbogbo wọn ló mọ òfin yìí, ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, wọ́n á bá a wí. Ẹ wò ó, ọmọ tí wọ́n ní òkú ti gbé lọ, òun gan-an ló mọ ibi tí òkú parí sí àti ibi tóun ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í pé ta ni jagunjagun yìí. Ó ṣí ìwé tó kọ ìtàn ẹ̀ sí. Ọkùnrin kan lọ sógun lọ́nà jíjìn. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà dé, òun ò dé. Kò sẹ́ni tó mọ sàréè ẹ̀. Ó wá jí ní ilẹ̀ àjèjì, ó ń wá ọ̀nà ilé. Mo ní, "Níbo lo ti rí ìtàn yìí?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Lẹ́nu Dádì ni."

Nínú ìdílé wa, a ní baba ńlá kan tó bá Èkìtì Parapọ̀ lọ sí ogun Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, tí wọn ò sì tú bùdó ẹ̀ ká tán títí di ọdún 1893. Baba náà ò padà wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń sọ ìtàn ẹ̀ nígbà tí ọmọ yìí wà ní kékeré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò lè fèsì.

Mi ò fẹ́ ká fi ìbẹ̀rù àwọn òbí yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ohun tí Diutarónómì orí kejìdínlógún wí nípa ẹni tó ń wádìí lọ́wọ́ òkú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń pe òkú àti ẹni tó ń ṣeré òkú. Lọ́jọ́ Àjíǹde, bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá ń ṣeré Lásárù, a máa ń fi aṣọ funfun di ọmọ kan tọwọ́tẹsẹ̀, á sùn sínú ibojì páálí, á jí, a ó pàtẹ́wọ́. Ta ló mú ọmọ yẹn lọ fún ìtúsílẹ̀ rí? Àwa tá a dàgbà sídìí fíìmù Mount Zion tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ṣé a ti gbàgbé Ìṣáwurú inú Agbára Ńlá? Ìbẹ̀rù ẹ̀ ò jẹ́ ká lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé oṣó ni ẹni tó ṣe é. Ìwàásù la pè é.

Èkìtì gan-an kọ́ ló yẹ kó gbàgbé èyí. Láwọn ìlú kan ní àríwá Èkìtì, títí dé ibi tá a ti bá Kwara pààlà, wọ́n ń jó Ẹpa. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ dà bí ìkòkò tó ní ojú níwájú àti lẹ́yìn, ibẹ̀ ni oníjó ń ki orí bọ̀. Orí ìkòkò yìí ni ère wà, ọ̀kan nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù sì ni Jagunjagun, ọkùnrin ogun lórí ẹṣin pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Òmíràn wúwo ju ogún kílò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń gbé e, á sì fò sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bó bá balẹ̀ dáadáa, ayọ̀ ni. Àwọn akọni tó ti lọ ni wọ́n ń fi yẹ́ sí. Kí ni ọ̀dọ́ yẹn ń ṣe bí kì í ṣe pé ó gbé akọni tó ti kú wọ̀?

Lọ́dún 1947, Fadá Kevin Carroll ti ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà kan l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, kò jìnnà sílé wa. Àwọn agbẹ́gilére tó mọ iṣẹ́ ìbílẹ̀ ló kó jọ: Bándélé ọmọ Àreògún ará Òsì, tó wà ní Kwara lónìí, àti Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ ère ìbí Jésù. Àlùfáà ni Fadá yìí, ó mọ ohun tó gbà gbọ́. Kò gbé òòlù láti fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó jókòó tì wọ́n. Lọ́dún 2022, Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà ṣe odidi àfihàn kan fún iṣẹ́ Bámigbóyè ará Odò-Ọwá, ọ̀kan lára ọ̀gá tó gbẹ́ Ẹpa. Ohun tá à ń sá fún nílé, òkè òkun ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀.

Àwa nìkan kọ́ lẹ̀rù ń bà o. Dungeons & Dragons, géèmù orí tábìlì tó bí irú eré yìí, jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn òbí kan níbẹ̀ pariwo pé ọ̀dọ̀ èṣù ló ń kó ọmọ lọ. Ariwo náà rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti di òbí, wọ́n ń bá ọmọ tiwọn ta á.

Kí ló wá yẹ kó bà wá lẹ́rù? Èyí ni ìdí tí mo ṣe kọ nǹkan yìí. Eégún tó bá jáde, atọ́kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Atọ́kùn ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Òun ló ń tọ́ ọ kó má baà kọsẹ̀, òun ló ń dá a dúró kó má baà ṣe èèyàn léṣe. Bí ọdún bá parí, ẹ̀kú á padà sí ìgbàlẹ̀, ọmọ á padà sílé bàbá ẹ̀, á jẹun, á sùn. Ọmọ tó gbé ẹ̀kú wọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ta ni atọ́kùn ẹ̀? Ọjọ́ wo ni ọdún tiẹ̀ ń parí?

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í parí. Aago mẹ́ta òru ni ọmọ wa ń sùn, aago mẹ́fà ló ń jí lọ síléèwé. Àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ńkọ́? Kò mọ ojú wọn, kò mọ ọjọ́ orí wọn. Mo bi í bóyá ẹnì kan ti ní kó jẹ́ káwọn kúrò níbẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan, òun ò dáhùn. Òbí ẹ̀ ò mọ̀. Òkú ni wọ́n ń bá jà, alààyè ló sì lè pa wọ́n lọ́mọ.

Ìwé òfin ni mo kà, ẹ jẹ́ kí n sọ tiẹ̀. Abala 23 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni lo ẹ̀rọ láti tan ọmọdé fún ìbálòpọ̀. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́, ẹ má pa á rẹ́, ẹ mú un lọ fún ọlọ́pàá. Ẹni tó fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rí ló fọ́ yẹn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Èkìtì náà ti gbà wọlé, fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí ara ẹ̀ ní abala 8, àmọ́ kò gba àbójútó lọ́wọ́ òbí. Abala 11 sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ọmọ lára tàbí lọ́kàn. Ẹ bá a gbàdúrà, ó dáa. Kẹ́ ẹ febi pa á, kẹ́ ẹ dè é mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ nà án lórúkọ ìtúsílẹ̀, òfin ò gbà á, ẹni yòówù kó pàṣẹ ẹ̀.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí nílé wa nìyí. Kọ̀ǹpútà kúrò ní yàrá, ó di ti pálọ̀. Ìwé WAEC ló ṣáájú. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan leré, aago mẹ́wàá alẹ́ ni òpin. Ẹni tó bá ní kó wá níkọ̀kọ̀, kó pe bàbá ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí ìjìyà fún un. Àdéhùn tó ṣe pàtàkì jù ni ti bàbá: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á jókòó tì í, kó sọ ohun tó ń ṣe fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí lòun máa wò níbẹ̀. Mo ní ẹ gbìyànjú ẹ̀ náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ìyàwó ẹ̀ pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá àtọmọ ti ń jiyàn láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kọ ọ́ pé ọ̀tá ló pa baba náà lójú ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o. Ohun tí wọ́n sọ fún bàbá mi kọ́ nìyẹn. Jókòó kí n sọ ọ́ fún ẹ dáadáa."