Òtútù Kọ́ Ló Ń Sọ Ọmọ Di Ọdẹ

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé ní ìpínlẹ̀ Colorado, tí òjò dídì àkọ́kọ́ bo orí òkè Rocky, ọ̀pọ̀ baba á di ẹrù ọdẹ, wọ́n á sì ní lọ́dún yìí, ọmọ àwọn gbọ́dọ̀ bá àwọn lọ. Ẹ́líkì ni wọ́n ń lọ pa: ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín, àmọ́ tí akọ rẹ̀ lè wọn 300 kílò, tó sì ń gbé inú igbó orí òkè tí ọkọ̀ kò lè dé. Ọmọ náà lè má ju ọmọ ọdún 6 tàbí 8 lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè bí òtútù ibẹ̀ yóò ti ṣe é, èsì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn: jẹ́ kó mú un díẹ̀, òtútù ló ń sọ ọmọ di ọdẹ.

Irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní ìkùnsínú sí ọmọ wọn, ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́, síbẹ̀ irọ́ ni.

Ìwé yìí kò wí pé kí wọ́n fi ọmọ sílé o. Kí ọmọ tẹ̀lé òbí rẹ̀ gun òkè, kó mọ ipasẹ̀ ẹranko lórí òjò dídì, kó rí bí àgbà ṣe ń dákẹ́ tí ó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ẹ̀kọ́ ńlá ni, kò sì sí ilé ìwé tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ìwé yìí ń bá jà ni èrò pé ìyà òtútù fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà.

Ara ọmọ ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú awọ ni ooru ara ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni, tí a bá fi awọ wé ìwọ̀n ara, awọ ọmọdé pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ fi ń tètè tutù ju ti baba rẹ̀ lọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ dúró sójú kan náà nínú irú aṣọ kan náà. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lórí òkè Rocky, aṣọ bíi ti àgbà gan-an kò tó ọmọdé. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn ju ti baba lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé sẹ́yìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Baba tó ń gun òkè ń làágùn, ó ń tú bọ́tìnnì, ó ní ooru ń mú òun. Ọmọ tó jókòó sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀ kò rìn, kò gbé nǹkan, iṣan ara rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan tí yóò mú ooru wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ dirodiro, okùn àpò fún un nítan, ẹ̀jẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọmọ ìka. Nítorí náà, kò sí òṣùwọ̀n tó ń tan ènìyàn jẹ bí ara baba, bí ó bá fẹ́ fi mọ bí òtútù ṣe ń mú ọmọ. Afẹ́fẹ́ náà ń dá tirẹ̀ kún un. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n Celsius 10 sísàlẹ̀ òdo, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, bí ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo ni yóò ṣe máa rí lára awọ tó bá wà níta.

Tí ooru inú ara bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ, ewu ti wọlé nìyẹn. Ọmọ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà á máa kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀, inú á máa bí i láìnídìí, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè fa síìpù mọ́. Nígbà tó bá yá, á dákẹ́, kò sì ní gbọ̀n mọ́. Baba tó gba irọ́ yìí gbọ́ á ní, ẹ ò rí i, ó ti mọ́ ọn lára. Ara kò mọ́ òtútù o. Agbára tí ara fi ń gbọ̀n ló ti tán.

Àwọn tó ń wí pé òtútù ń mú ọmọ le kì í sọ̀rọ̀ nípa ìka tí òtútù ti jẹ rí. Irú ìka bẹ́ẹ̀ kì í le sí i. Òtútù tó tẹ̀lé e ń tètè jẹ ẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì lè máa ro ẹni tó ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ọmọdé tún ní àfikún: ibì kan wà nítòsí oríkèé tí egungun ìka ti ń gùn sí i. Bí òtútù bá pa ibẹ̀, ìka náà lè kúrú títí ayé, ó sì lè tó ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn ìrìn àjò náà kí òbí tó ṣàkíyèsí.

Wọ́n á wá béèrè pé: àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé ńkọ́? Ṣebí inú òtútù yìí ni wọ́n ti tọ́ ọmọ? Ìbéèrè gidi ni, àkọsílẹ̀ sì wà tó dá a lóhùn.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1804 sí 1805, àwọn tí Ààrẹ Thomas Jefferson rán lọ wo ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, lábẹ́ Meriwether Lewis àti William Clark, dúró sí ọgbà kan, Fort Mandan, ní ibi tí à ń pè ní North Dakota lónìí. Lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní, ọ̀pọ̀ ará abúlé tó wà nítòsí jáde lọ pa ẹfọ̀n. Ilẹ̀ ṣú, òtútù le, baba kan sì wá sí ọgbà náà pẹ̀lú ìdààmú ọkàn: ó ti rán ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀sán, kò sì bá a. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ̀n ojú ọjọ́ wà ní 40 sísàlẹ̀ òdo. Ọmọkùnrin bí ọmọ ọdún 13 rọra wọ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dì. Ó ti sùn sórí òjò dídì láìsí iná, awọ ẹfọ̀n kan ṣoṣo ló fi bora. Ọkùnrin àgbà kan náà dé tó sun ìta lóru yẹn kan náà, tí aṣọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é. Clark kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyanu pé àwọn ènìyàn yìí lè fara da òtútù ju bí òun ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ Clark yìí ni àwọn alágbàwí òtútù fẹ́ràn. Àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ló ròyìn ọmọ náà títí dé òpin. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù kejì, baba rẹ̀ wá gbé e lọ sílé lórí pákó tí wọ́n ń wọ́ lórí òjò dídì. Inú òtútù ni wọ́n bí i sí, inú rẹ̀ ló dàgbà sí, àwọn baba rẹ̀ ti gbé ibẹ̀ láti ìrandíran. Òru kan náà, ìlú kan náà: àgbà rìn kúrò, ọmọ pàdánù ìka. Bí òtútù bá ń sọ ọmọ di akin, ta ló yẹ kó sọ di akin ju ọmọ yẹn lọ?

Nínú ọgbà yẹn náà, lọ́jọ́ 11 oṣù kejì, Sacagawea, ọmọbìnrin Shoshone tó ń bá wọn ṣe ògbufọ̀, bí ọmọkùnrin kan, Jean Baptiste. Kò tíì pé oṣù 8 tí wọ́n fi gbé e kọjá òkè Bitterroot lóṣù kẹsàn-án, nínú òjò dídì, nígbà tí ebi ń pa gbogbo ẹgbẹ́ náà débi pé wọ́n ń pa ẹṣin jẹ. Ìgbà òtútù tó tẹ̀lé e, wọ́n dúró sí Fort Clatsop nítòsí òkun Pacific, níbi tí wọ́n ti pa ẹ́líkì 131 fún oúnjẹ. Ọmọ náà yè, ó sì di ọdún 1866 kó tó kú. Kí ló gbà á? Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni, àti ọmú, àti ènìyàn tó lé ní 30 tó yí i ká. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń wá bí yóò ṣe fi òtútù dán an wò.

Àwọn Inuit tó ń gbé ìhà àríwá pátápátá náà kò yàtọ̀. Àwọn obìnrin wọn ń wọ amauti, ẹ̀wù awọ tó ní àpò lẹ́yìn. Inú àpò yẹn ni ọmọ ń wà, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, lábẹ́ ẹ̀wù kan náà. Ìyá Yorùbá tó ti pọn ọmọ lójú òtútù ọyẹ́ kò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn tó mọ òtútù jù lọ láyé kò fi òtútù kọ́ ọmọ. Aṣọ àti ara òbí ni wọ́n fi ṣíji bò ó títí ó fi dàgbà tó.

Irú irọ́ yìí ti wà rí nípa ìbọn. Wọ́n ní ọmọ á fojú rí, á mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1949, ìpínlẹ̀ New York sọ ọ́ di dandan kí ọdẹ tuntun gba ẹ̀kọ́ kó tó gba ìwé àṣẹ, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì tẹ̀lé e. Lónìí kò sí baba tó jẹ́ fẹnu sọ pé ọta ìbọn ni kó kọ́ ọmọ òun lọ́gbọ́n.

Ẹ̀rù tó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jà fún òtútù yéni. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti dín kù rí: mílíọ̀nù 13.7 ni ìjọba kà ní ọdún 2011, ó di mílíọ̀nù 11.5 ní ọdún 2016. Owó orí ìbọn àti ọta, tí òfin ọdún 1937 yà sọ́tọ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹranko igbó, nítorí náà ìpàdánù ọdẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan. Àmọ́ ọmọ tí ìrìn àjò àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹkún àti ẹsẹ̀ tó kú tipiri, kí ni yóò mú un padà? Ẹni tó bá fẹ́ kí ọdẹ pọ̀, kó jẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi tí ìpinnu baba ti ń há sí jù ni lẹ́yìn tí ìbọn bá dún. Títí dìgbà yẹn, ó lè padà sílé nígbàkigbà. Tí ẹ́líkì bá ṣubú, ẹran tó ṣeé jẹ lára rẹ̀ lè lé ní 80 kílò, òfin Colorado kò sì gbà kí ọdẹ fi ẹran náà ṣòfò nínú igbó. Bíbó awọ, gígé itan àti apá, gbígbé wọn lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, iṣẹ́ tó ń wọnú òru ni, oòrùn sì ti wọ̀, òógùn sì ti rin aṣọ baba. Ní Montana àti Wyoming, òórùn ẹ̀jẹ̀ lè pe béárì grizzly wá. Níbo ni ọmọ ọdún 7 yóò wà ní gbogbo wákàtí yẹn? Bí baba bá dá nìkan mú ọmọ lọ, kò sí ìdáhùn kan tó dára. Nítorí náà, àgbà méjì ni ó kéré tán: ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún ọmọ, kí ti ọmọ má sì gbé ìbọn.

Ìyókù kò le. Aṣọ irun àgùntàn ni kó kan ara, kì í ṣe òwú, nítorí òwú tó bá ti tutù kì í mú ooru dúró. Kí ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ gbígbẹ pọ̀ nínú àpò, kí bàtà má fún. Kí ọmọ máa jẹun léraléra, kí ó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn níbi tó bá ti lè rìn. Kí àgbà máa fọwọ́ kan ọrùn àti ìka rẹ̀, kí ó má gbára lé “ṣé o wà pa?”, nítorí ọmọ tó fẹ́ tẹ́ baba rẹ̀ lọ́rùn á ní òun wà pa. Kí wọ́n di í létí kí ìbọn tó dún, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn bíi ti àwọn ọdẹ. Bí ààrò bá wà nínú àgọ́, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè wọlé, ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá pọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Gáàsì yẹn kò ní òórùn, ó sì ń tètè ṣe ọmọdé ju àgbà lọ. Lókè tó kọjá mítà 2,500, ọmọ tó kọ oúnjẹ tó sì ń sunkún lè jẹ́ pé orí ló ń fọ́ ọ nítorí gíga òkè náà, kó má jẹ́ ọ̀lẹ tàbí ìwà àkẹ́jù rárá.

Colorado kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 láàyè láti fi ìbọn pa ẹ́líkì, Idaho sì gba ọmọ ọdún 10. Ọdún tó wà ṣáájú ìyẹn pọ̀ tó láti mú ọmọ lọ fún ìdajì ọjọ́, kí ẹsẹ̀ má jìnnà sí ọkọ̀, kí ìbọn má tilẹ̀ dún. Baba tó ń gbèrò ti oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ní òru kan tí òjò dídì bá bọ́: kí wọ́n sun inú àgọ́ pẹ̀lú aṣọ àti ìbora tí ọmọ yóò lò lórí òkè gan-an. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ wọlé lóru, kí wọ́n wọlé, kí baba sì yẹ aṣọ náà wò kí ilẹ̀ tó mọ́, kó mọ ohun tó kù tí yóò rà.