Ọmọ Yín ní Òun Fẹ́ Ta Fáyólìn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orogún. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí ó wà lókè òkun ni, tí ó ti fẹ́ di ìjà láàárín bàbá àti ọmọ.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági, ní ìlú Ìbàdàn, ni ó kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin wọn ti pé ọdún mọ́kànlá, ó sì fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àárín, èyí tí ó wà láàárín alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ńlá lọ́dọ̀ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ìwé ránṣẹ́ pé kí ọmọ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ afunfèrè, tàbí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta ohun-èlò olókùn, tí wọ́n ń pè ní ọ́kẹ́sítírà. Ọmọ náà fi àmì sí ọ́kẹ́sítírà. Bàbá rẹ̀ fa àmì náà rẹ́. Ó ní òun kò fi òru ṣe ọ̀sán níbi iṣẹ́ kí ọmọ òun lè wá di onílù, pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ni kí ó fi àkókò náà ṣe. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò bá bàbá rẹ̀ sọ ju “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ káalẹ́” lọ. Ìyàwó wá bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí ó dá sí i. Ìyá wa sì kọ̀wé pé: “Èmi pàápàá kò mọ ibi tí ǹ bá gbè sí. Nígbà èwe mi, onígòjé tí ń ti ẹnu-ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn tọrọ owó ni mo mọ̀. Ṣé iṣẹ́ ọmọlúàbí ni? Ìwé náà gbọ́dọ̀ padà kí oṣù yìí tó parí.”

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kò kọ́kọ́ dájọ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń jiyàn lé lórí ná.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àárín, láti kíláàsì kẹfà títí dé ìkẹjọ. Ọ́kẹ́sítírà ibẹ̀ kì í ṣe eré tí a ń ṣe nígbà tí aago bá ti lù tán. Ẹ̀kọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àti jọ́gíráfì. Ó ní àkókò tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ọjọ́, ó ní olùkọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ó sì ní máàkì nínú ìwé èsì. Ní Texas, kíláàsì kẹfà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í béèrè pé kí ọmọ ti mọ ohun kan tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan fáyólìn rí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí bàbá ọmọ yóò fẹ́ gbọ́. Láti 1984 ni òfin kan ti wà ní ìpínlẹ̀ Texas pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀ ju àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹ̀kọ́ kan kò ní lè bá ẹgbẹ́ lọ sí ìdíje títí yóò fi tún ara ṣe. Òfin náà mú àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì mú àwọn olórin pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá fẹ́ràn fáyólìn rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ìṣirò dí òun lọ́nà.

Bẹ́ẹ̀ ni kíkọ́ fáyólìn ní kíláàsì kì í ṣe àṣà àwọn ọlọ́lá nìkan. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1890, ní ìlú Maidstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jọ láti kọ́ wọn ní fáyólìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìtajà kan ń fún wọn ní ohun-èlò, àwọn òbí sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní 1910, Albert Mitchell, olùkọ́ kan láti Boston, kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wò ó. Nígbà tí ó di 1911 ó ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Boston. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tàn ká Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹni tí kò lówó ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Ohun-èlò mẹ́rin ni ọmọ yóò bá níbẹ̀. Fáyólìn ni ó kéré jù, abẹ́ àgbọ̀n ni a ń fi í sí, lórí èjìká. Fíólà jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ṣẹ́lò, ọmọ yóò jókòó, yóò gbé e sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Báàsì ńlá ga ju ọmọ tí ń ta á lọ, òun ni ó sì ń dún bí ìyá ìlù lábẹ́ gbogbo wọn. Olùkọ́ a máa wo gígùn apá àti ìka ọmọ, a sì máa gbọ́ ohun tí ọmọ fẹ́, kí ó tó yan èyí tí ó bá a mu.

Fáyólìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fẹ́, nítorí òun ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ogójì ìsọ̀ bá to gèlè jọ, tí kò sí ẹni kan tí ó ní ìró, ṣé ọjà aṣọ nìyẹn? Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ yín mú fíólà tàbí báàsì ńlá, ẹ má ṣe rò pé wọ́n fi í sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó mú ohun tí kò pọ̀ ni ẹgbẹ́ ń wá kiri.

Ó kan owó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n má ṣe ra ohun-èlò ní ọdún àkọ́kọ́. Kí wọ́n gbà á ní háyà lọ́dọ̀ ilé ìtajà tí olùkọ́ bá dárúkọ. Ìdí rẹ̀ ni pé fáyólìn ní ìwọ̀n bí bàtà: ó ní ti ọmọ kékeré, ó ní ìdajì, ó ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì ní odindi. Apá ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í dúró lójú kan. Ẹni tí ó bá háyà yóò gbé èyí tí ó ti kéré padà, yóò sì gba èyí tí ó tóbi. Kí wọ́n béèrè bóyá owó háyà ti ní owó ìdáàbòbò nínú, kí ó má baà di gbèsè bí ó bá fọ́. Kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bóyá ó ní èyí tí ó lè yá ọmọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ a máa ní ṣẹ́lò àti báàsì ńlá nílẹ̀, nítorí pé wọn kì í ṣe ẹrù tí ọmọ lè máa gbé wọ bọ́ọ̀sì.

Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún fáyólìn olówó pọ́ọ́kú aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ mọ àǹkárá tí ó ń dán lórí igbá, tí ó sì ń ṣí nígbà tí omi bá kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nyí. Okùn wọn kì í dúró sí ohùn, ọmọ yóò sì máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ta, nígbà tí ó jẹ́ pé igi ni kò dára.

Ní ti ìtọ́jú, nǹkan mẹ́ta péré ni. Kí ọmọ má fi ìka kan irun ẹṣin tí ó wà lára ọ̀pá tí a fi ń ta á. Kí ó dẹ irun náà bí ó bá ti ta á tán. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohun-èlò náà sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn Houston, nítorí gọ́ọ̀mù ni ó di igi rẹ̀ mú, ooru sì ń tú gọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún bàbá ọmọ. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ohùn tí yóò máa ti inú yàrá jáde kò ní dùn létí. Ológbò tí a tẹ̀ nírù sàn jù ú lọ. Kí wọ́n má fi í rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́ tó fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì sàn ju wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé lọ, nítorí ìka ni ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ìka a sì máa gbàgbé.

Ṣé yóò mú kí orí ọmọ pé sí ìṣirò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni pé àwọn ọmọ inú ọ́kẹ́sítírà a máa ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ilé tí ó rọrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, a kò sì lè sọ pé fáyólìn nìkan ni ó ṣe é. N kò ní fi èyí tan bàbá ọmọ. Èyí tí ó dá mi lójú ni pé ọmọ yóò kọ́ láti dúró de ẹlòmíràn, láti gbọ́ ohùn aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó gbé tirẹ̀ sókè, àti láti fara da ohun tí kò tíì mọ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá láàárín àjèjì yóò sì rí ogójì ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú tí kò ti ní ẹbí rí mọ iye tí ìyẹn tó.

Ìyá wa, ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. Irun ẹṣin tí ń bẹ lára ọ̀pá gòjé náà ni ó ń bẹ lára ọ̀pá fáyólìn. Gòjé ń dún nínú sákárà Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, tí ó di olóògbé ní 1978, àwọn ọlọ́lá ni wọ́n sì ń ná owó fún un. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, kọ orin kan ní 1944 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ African Suite, ohun-èlò olókùn nìkan ni ó kọ ọ́ fún. Apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀, Akinla, orin háíláìfù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òun ni rédíò Kánádà sì fi ń ṣí ètò orin kan fún ọdún pípẹ́. Ṣówándé di olùkọ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1987. Ọmọ yín kò lọ sí ilé àjèjì bí ó bá wọ ọ́kẹ́sítírà. Ẹni wa ti jókòó níbẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí ó yẹ kí òbí kọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òbí ni ó ń fẹ́ ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lè rí i, tí ọmọ kò sì fẹ́, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò lè gbé ọmọ lọ síbi orin alẹ́ ní ìgbà mélòó kan lọ́dún, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò bá wọn gbé e.

Ohun tí mo rò pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ pe ọmọ yín nígbà tí ó bá dá wà, kì í ṣe lójú ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe lójú ìyàwó rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́, nítorí lóòótọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pàṣẹ fún un. Ẹ ní kí òun àti ọmọ jọ ṣe àdéhùn: ọdún kan gbáko, láìsí pé a fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà; ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́; ìṣirò kò sì gbọdọ̀ rẹ̀yìn. Kí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àmì náà padà sórí ìwé, kí ó lè jẹ́ pé òun ni ó yọ̀ǹda, kì í ṣe pé wọ́n borí rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá sì tó o, ẹ san owó háyà oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Owó ìyá a máa rọ ọkàn ọmọ ju ẹjọ́ rírò lọ.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí nílé, ẹ kọ̀wé sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.