Orúkọ tí ó Yẹ Etí Híhó

Ní Ọjà Àlàbá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí sípíkà kì í ti í dákẹ́, oníṣòwò lè délé lálẹ́ kí ó máa gbọ́ ìró tí ẹlòmíràn kò gbọ́. “Etí híhó” ni a ń pè é. Orúkọ náà sọ ohun tí aláìsàn ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí orísun rẹ̀.

Ariwo tí ó ju 80 dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, lè ba àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí jẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ tí etí ń jẹ́ fún ọpọlọ bá dínkù, ọpọlọ a máa dá ìró tirẹ̀ sílẹ̀. Èrò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà nìyí. Ẹ̀rí kan ni pé a ti gé iṣan ìgbọ́ràn àwọn aláìsàn kan, híhó náà kò sì lọ.

Orúkọ tí kò pé a máa ṣi ìtọ́jú lọ́nà. Ẹni tí ó gbà pé etí nìkan ni ó ń ṣe òun yóò máa kán òróró sí i. Bẹ́ẹ̀ kò tíì sí oògùn tí ó ń wo híhó tí ariwo fà sàn. Ẹ̀rọ ìrànwọ́ ìgbọ́ràn, àti ìtọ́ni tí ó ń kọ́ ọkàn láti má kà á sí, ni ó ń fúnni ní ìtura.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, “híhó àtọpọlọwá” ni ó yẹ. Bí ẹ̀rù bá sì ń ba aláìsàn pé wèrè ni, “híhó” fúnra rẹ̀ dáhùn: kì í ṣe ohùn ènìyàn.