Bí Ìtọ̀ Ọmọ Bá Yí Àwọ̀ Padà

Ìtọ̀ ọmọ a máa sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Ó yẹ kí ìyá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí ìtọ̀ bá pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lè jẹ́ pé omi ni ara ń fẹ́. Ẹ fún ọmọ ní omi mu. Oògùn pẹ̀lú a máa pa àwọ̀ ìtọ̀ dà: rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa sọ ọ́ di pupa bí ọsàn, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi tíì, tí ẹyinjú ọmọ sì pọ́n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Èyí tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò ni ẹ̀jẹ̀ tí ń kán ní ìparí títọ̀, èyí tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá. Àwọn mìíràn a ní ọmọ náà ń di ọkùnrin ni. Ọkùnrin wo ni ó ń fi ẹ̀jẹ̀ títọ̀ dàgbà? Ajá kò mọ nǹkan kan níbẹ̀, ìṣekúṣe kọ́ ni ó sì ń fà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọmọ nítorí rẹ̀. Aràn kan ni, èyí tí dókítà ará Jámánì, Theodor Bilharz, ṣàwárí ní Cairo ní ọdún 1851. Láti inú ìṣáwùrú ni ọmọ aràn náà ti ń jáde sínú odò, a sì gba awọ ara wọlé sára ẹni tí ń wẹ̀ tàbí tí ń fọṣọ níbẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ni ó ń dá egbò sí àpò ìtọ̀. Bí ó bá pẹ́ lára, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ó sì lè dí ọmọbìnrin lọ́wọ́ àtibímọ.

Dókítà yóò bèèrè irú odò tí ọmọ ń wẹ̀ àti oògùn tí ó ti lò, yóò sì ní kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́sàn-án, ẹ má ṣe bínú. Bí a kò bá rí ẹyin, wọn yóò wá ìdí mìíràn, bí òkúta inú kíndìnrín tàbí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Praziquantel ni oògùn aràn náà, ìwọ̀n ara ọmọ ni a sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá padà sínú odò kan náà, ó tún lè kó o.

Ọmọ tí ó ti ń dá tọ̀ kì í sábà sọ ohun tí ó rí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè lálẹ́ òní. Ó di oṣù tí ń bọ̀.